Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́ àti Ẹ̀dà Rẹ̀

Bí a bá tún ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣe lọ́tun, ǹjẹ́ ti ìsinsìnyí lè ṣe ju ti àkọ́kọ́ lọ bí? Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ géèmù ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1983 ni Famicom jáde ní Japan. Ọ̀gbẹ́ni Masayuki Uemura ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣe é. Ní 1985 ó dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì pè é ní NES. A ó so ó mọ́ tẹlifísàn, a ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, eré bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bí o bá pa ẹ̀rọ, làálàá rẹ dòfo nìyẹn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi bátìrì kékeré sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, bíi The Legend of Zelda tí ó dé Amẹ́ríkà ní 1987, kí ó lè máa rántí ibi tí eré dé.

Ní 2016, Nintendo fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀dà NES kan tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà. Géèmù 30 wà nínú rẹ̀. Ibi yòówù kí o dé, o lè sàmì síbẹ̀, kí o lọ jẹun, kí o sì padà wá bá a. Ní 2017 wọ́n ṣe ẹ̀dà SNES, àbúrò NES. Bí o bá ṣìṣe nínú ti èyí, o lè dá eré padà sẹ́yìn díẹ̀. Star Fox 2, tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ṣùgbọ́n tí wọn kò tà, inú ẹ̀dà yìí ni ó ti kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀dà ti borí nìyẹn bí? Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀dà NES kò ní ihò kankan tí a lè ki kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún géèmù ni wọ́n ṣe fún NES. Kò sí ìbọn tí a fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ nínú Duck Hunt pẹ̀lú. Ìbọn náà ní ojú tí ń wá ìmọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà tí a fà á. Tẹlifísàn onígò àtijọ́ a máa fi hàn án lójú ẹsẹ̀; ti òde òní, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, a máa pẹ́ díẹ̀, ìbọn kò sì ní rí nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀dà ń ṣe ohun tí àkọ́kọ́ kò lè ṣe, ṣùgbọ́n kò gba ipò rẹ̀. Bí ògbólógbòó ẹ̀rọ bá wà ní àjà ilé yín, ẹ má ṣe tìtorí tuntun jù ú nù. Géèmù tí kò sí lára 30 yẹn lè wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ gbé dà sí ààtàn. Ó dìgbà kan ná.