Ta Ni Yóò Jí Àwọn Ìránṣẹ́? Ìtàn Bí Ẹ̀rọ Unix Ṣe Ń Dìde



Ní Ṣakí, bí iná mànàmáná bá lọ tí ó sì padà dé lóru, gílóòbù yóò tàn fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìkàwé kan ní agbègbè náà, mo bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ tí ó ti jí, ṣùgbọ́n tí ètò àkọsílẹ̀ ìwé inú rẹ̀ kò dáhùn. Ẹni tí ó gbé ètò náà wọlé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, kò sì sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó máa pè é nígbàkúùgbà tí ó bá jí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń padà lọ́wọ́ òfo. Ọ̀tọ̀ ni kí a gba ìránṣẹ́ sílé, ọ̀tọ̀ ni kí a pàṣẹ fún un pé kí ó máa dìde. Ìtàn ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ.

Ìránṣẹ́ ni mo pè é. Daemon ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní MIT sọ ọ́ ní 1963. Wọ́n yá orúkọ náà lára ànjọ̀nú tí James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì nì, fi ọkàn rò ní 1867. Ẹni tí ó bá ti ka Fágúnwà kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní 1969. Ètò tí a ń pè ní init ni ó ń kọ́kọ́ dìde. Nọ́ńbà 1 ni tirẹ̀, òun ni ó sì ń jí àwọn ìyókù. Nínú Unix ẹlẹ́ẹ̀keje tí ó jáde ní 1979, init a máa mú kí a ka fáìlì kan tí ń jẹ́ rc, àṣẹ inú rẹ̀ a sì máa tẹ̀lé ara wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìránṣẹ́ tuntun máa dìde ní láti kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdílé System V (1983) ni a ti wá mọ àṣà pé kí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, kí a sì fi nọ́ńbà tò wọ́n: S20 a dìde ṣáájú S80.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í sọ ìdí. Ẹ lọ wo àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Òwú gbọọrọ ni wọn yóò kọ́kọ́ ta síwájú, tí ẹrù yóò fà le. Kò sí ẹni tí yóò ju ọ̀kọ̀ kí òwú tó le. Wọn kò fi nọ́ńbà sí i. Iṣẹ́ kan ni ó ń dúró de èkejì. Ọgbọ́n yìí ni NetBSD 1.5 gbà ní ọdún 2000: ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, ètò kan tí ń jẹ́ rcorder a sì tò wọ́n.

Ní 2010 ni Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé systemd jáde, tí ó lè jí ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì tún gbé èyí tí ó bá ṣubú dìde. Ìjà ńlá ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ó ti gba iṣẹ́ púpọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí Debian sì yàn án ní 2014, àwọn kan yapa, wọ́n dá Devuan sílẹ̀. Ẹ̀sùn wọn kì í ṣe àsọdùn, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń lọ, tí ó ń bọ̀, ẹni tí ó ń gbé ẹni tí ó ṣubú dìde wúlò púpọ̀.

Àríyànjiyàn mìíràn wà tí kò pariwo tó èyí. Ní ilé Debian, bí o bá gbé ìránṣẹ́ wọlé, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, yóò sì máa dìde lọ́jọ́ iwájú. Ní ilé Fedora, púpọ̀ nínú wọn a jókòó títí olówó wọn yóò fi fún wọn ní àṣẹ, nítorí pé ìránṣẹ́ tí a kò tíì tò dáradára lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Àwọn méjèèjì ní ìdí. Ẹni tí ó bá ti ọ̀kan kọ́ṣẹ́, tí ó wá lọ ṣiṣẹ́ ní èkejì, ni ó máa ń ṣìnà.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ilé ìkàwé náà, ìlà kan ṣoṣo ni ó tẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú systemctl enable. Lẹ́yìn náà ni ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì tún un tàn lójú gbogbo wa.