Omi Inú Táǹkì Jẹ́nótáìpù

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí pátákó tí wọ́n kọ "Genotype" sí, láàárín ilé ìtẹ̀wé àti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ kì í so tọkọtìyàwó pọ̀ láìrí ìwé yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Èmi ní kí ẹ wo omi tó wà nínú táǹkì, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́fà.

Lọ́dún 1949, ní Kalifóníà, Linus Pauling, Harvey Itano àti àwọn méjì míì po haemoglobin mọ́ bọ́fà, wọ́n sì jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí pH bọ́fà náà wà ní nǹkan bíi 6.9, haemoglobin ẹni tí ara rẹ̀ le gba apá kan lọ, ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde gba òdìkejì. Ti ẹni tó jẹ́ AS pín sí méjì. Ẹ wo nǹkan! Nínú àwọn ọmọ tí àwọn bàbá wa sọ ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́, èmi gbà pé àìsàn yìí ló mú àwọn kan lọ. Lọ́dún 1957, Vernon Ingram fi hàn pé amino acid kan ṣoṣo ló yàtọ̀.

Ọdún 1957 yẹn náà ni Kohn mú cellulose acetate wá, pépà pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ láàbù wa ń lò. Bọ́fà tiwọn ga sí i, pH bíi 8.6, nítorí náà gbogbo haemoglobin ń sá lọ sápá kan náà: A ló ń ṣáájú, S á tẹ̀ lé e, C á wà lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń gba inú bọ́fà ni pH rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó lálòtúnlò, ìlà A àti S á máa wọnú ara wọn. Ìdí nìyẹn tí láàbù tó mọṣẹ́ fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ AS tí wọ́n ti mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ìwé AA ní láàbù kan. Ó lóyún, ilé ìwòsàn tún un ṣe, AS ni. AS ni ọkọ rẹ̀ náà. Irú àṣìṣe yìí lè ti ọwọ́ akọ̀wé wá, ó sì lè ti inú táǹkì wá.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń bèèrè ìgbà tí wọ́n po bọ́fà wọn. Ọ̀kan wò mí títí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jókòó jàre, ẹ̀jẹ̀ yín la fẹ́ gbà."