Ẹṣẹ́ Parathyroid: Kókó Mẹ́rin Ọrùn tó ń Ṣọ́ Egungun

Ẹṣẹ́ parathyroid ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àwọn kókó kéékèèké mẹ́rin tó fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹṣẹ́ thyroid, ìyẹn èyí tó máa ń wú lọ́rùn tí a fi ń sọ pé gẹ̀gẹ̀ yọ síni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Họ́mónù tí wọ́n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni PTH, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i pé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kò dín jù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá di ìṣù, egungun àti kíndìnrín ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Ta ni egungun itan yóò máa dùn tí yóò ronú kan ọrùn? Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi pẹ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí àìsàn náà ti ń wá.

Nínú gbogbo kálísíọ̀mù ara, nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 ló wà nínú egungun. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí iṣan fà kó sì tú, kí ọkàn máa lù, nítorí náà ara kì í fi í ṣeré. Egungun dà bí aká, PTH ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀, PTH á ṣí aká, á bu kálísíọ̀mù jáde. Á tún sọ fún kíndìnrín pé kó má da èyí tó wà nílẹ̀ nù sínú ìtọ̀, kó sì sọ fítámì D di alágbára, kí ìfun lè fa púpọ̀ sí i láti inú oúnjẹ. Ní 1993 ni Edward Brown àti Steven Hebert pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston rí ojú tí kókó náà fi ń wo kálísíọ̀mù, ìyẹn èròjà kan lára rẹ̀ tó ń mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré.

Ara àgbáǹréré ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kókó náà. Ní 1849, àgbáǹréré kan kú ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, Richard Owen, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa ẹranko, sì tú òkú rẹ̀ wò. Ó rí ohun kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan lẹ́bàá ẹṣẹ́ thyroid, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní 1877, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, tí ń jẹ́ Ivar Sandström, rí irú rẹ̀ lọ́rùn ajá. Ó wá a lọ sára ológbò, ehoro, màlúù àti ẹṣin, kó tó bọ́ sórí òkú ènìyàn 50. Òun ló sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, nínú àbọ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1880. Èdè Sweden ló fi kọ ọ́, ìwé àwọn oníṣègùn Uppsala ló sì gbé e, ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á. Sandström kú ní 1889, kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí kókó náà wà fún. Lójú tèmi, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó gbilẹ̀ tó tirẹ̀ nínú ìtàn yìí.

Ìyà àwọn aláìsàn ló fi iṣẹ́ kókó náà hàn. Ní Vienna, nílé ìwòsàn tí Theodor Billroth ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, àwọn kan tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ wọn kúrò pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí gìrì mú: ọwọ́ á ká kò, iṣan á máa fà, ọ̀fun á fún pọ̀. Abẹ ti gbé àwọn kókó kéékèèké náà lọ mọ́ gẹ̀gẹ̀. Ní Baltimore, ní 1909, William MacCallum àti Carl Voegtlin fi hàn pé kálísíọ̀mù ló ń wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ajá tí wọ́n bá yọ kókó náà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fún un ní kálísíọ̀mù, gìrì náà sì dáwọ́ dúró.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù ni ti egungun. Ní 1891, Friedrich von Recklinghausen ní Jámánì ṣàpèjúwe egungun tó rọ̀, tó lu ihò, tó ń ṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣubú. Lẹ́yìn náà, Jakob Erdheim ní Vienna ṣàkíyèsí pé kókó parathyroid àwọn tí egungun wọn rọ̀ máa ń wú. Ó ní egungun ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, kókó ọrùn kàn ń sáré gbà á sílẹ̀ ni, iṣẹ́ tó pọ̀ fún un ló mú un wú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe ló yẹ kí á fi kókó kún kókó. Friedrich Schlagenhaufer sọ ní 1915 pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n yọ èyí tó bá dá wú. Wọn ò kọbi ara sí i.

Oníṣẹ́ abẹ Felix Mandl, ará Vienna kan náà, ló yanjú rẹ̀ ní 1925. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tíráàmù kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́, tí kò lè rìn mọ́. Mandl kọ́kọ́ tẹ̀ lé Erdheim: ó gba kókó parathyroid lára ẹni tí ìjàmbá ṣe, ó lọ́ ọ sára ọkùnrin náà. Pàbó ló já sí. Ní oṣù Keje, ó yí èrò padà, ó la ọrùn rẹ̀, ó sì yọ ìṣù kan níbẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ìrora lọ, ọkùnrin náà fi ọ̀pá rìn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àìsàn náà padà dé, kò sì là á já, ṣùgbọ́n Mandl ti fi hàn pé ọrùn lè pa egungun lára.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìtàn rẹ̀ di mánigbàgbé ni Charles Martell, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ọkùnrin gíga tó fi ínǹṣì méje kúrú láàárín ọdún mélòó kan bí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń wó lu ara wọn. Láti 1926 ni wọ́n ti ń la ọrùn rẹ̀ wá ìṣù, wọn ò rí nǹkan kan. Martell fúnra rẹ̀ lọ jókòó ti ìwé ìṣègùn ní Harvard, ó ní kí wọ́n wá a sínú àyà. Ó gbọ́n jù wọ́n lọ níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, méjì nínú kókó mẹ́rin náà máa ń bá ẹṣẹ́ thymus sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ọrùn, òmíràn a sì bá a wọnú àyà lọ. Ní 1932, ní iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀keje, wọ́n bá a níbẹ̀ ní Massachusetts General Hospital. Ó ti pẹ́ jù. Òkúta ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ó sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe nítorí òkúta náà.

Fuller Albright, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn yẹn, rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ó ní kí á má dúró de ìgbà tí egungun bá ṣẹ́, kí á máa wá àìsàn yìí lára gbogbo ẹni tó bá ní òkúta kíndìnrín. Wọ́n wá a, wọ́n sì rí i. Ní 1963, Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ní New York gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn họ́mónù nínú ẹ̀jẹ̀ dé orí PTH. Ọgbọ́n ìwọ̀n yẹn ló fún Yalow ní ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Berson ti kú kó tó dìgbà náà. Lóde òní, ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ló máa ń tú àṣírí àìsàn náà kó tó di ìnira, pàápàá lára obìnrin tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù. Ìṣù kan ṣoṣo ló sábà ń fà á, jẹjẹrẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Nínú ìdílé mìíràn, ó jẹ́ àjogúnbá tí a ń pè ní MEN1, tí ìṣù máa ń yọ nínú parathyroid, ẹṣẹ́ pituitary lábẹ́ ọpọlọ àti àmọ́ (pancreas) lẹ́ẹ̀kan náà. Paul Wermer ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1954, wọ́n sì rí àbùdá tó bàjẹ́ náà ní 1997.

Ohun kan tó ya ni lẹ́nu ni pé PTH tó ń jẹ egungun ló tún ń kọ́ ọ. Bó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó ń kó aká lọ. Bí a bá gún un lábẹ́rẹ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, egungun a máa ki sí i. Albright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí àmì rẹ̀ lára eku ní 1929, ṣùgbọ́n ọdún 2002 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí teriparatide, oògùn tó dúró lórí rẹ̀, fún àwọn tí egungun wọn ti fúyẹ́.

Erdheim náà kò ṣì pátápátá, ìlú Jos wà lára ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Àwọn ọmọdé kan níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun, oòrùn tó ń fún ara ní fítámì D kò sì wọ́n wọn. Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 123 jọ, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 1999. Kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń rí jẹ lójúmọ́ kò ju nǹkan bí miligíráàmù 200 lọ, nítorí oúnjẹ ọkà ni wọ́n ń jẹ, wàrà kò sí níbẹ̀. PTH wọn ga, ṣùgbọ́n kò sí ìṣù lọ́rùn wọn. Ebi kálísíọ̀mù ló mú kókó náà máa bu nínú aká, gẹ́gẹ́ bí Erdheim ti wí, abẹ kò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ìdá 61 nínú 100 àwọn tó gba kálísíọ̀mù nìkan ló ti ń gbádùn dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Nínú àwọn tó gba fítámì D nìkan, ìdá 19 péré ni. Kálísíọ̀mù inú ike kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo òbí lè máa rà. Nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2015, wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní òkúta limestone tí wọ́n lọ̀ kúnná, wọ́n fún àwọn yòókù ní ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ tegungun-tegungun. Àwọn méjèèjì mú egungun wọn san.