Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá)

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ọ̀gá àwọn aláwàdà Yorùbá ní sáà tirẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018.

Ó ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí, ṣùgbọ́n orin ni ó gbà wọ agbo òṣèré. Òun ni olórí ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies tí ń kọ orin háílàìfù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni olórin Sunny Adé wà kí ó tó kúrò ní ọdún 1967 láti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà náà, orin, ìtàn ọba àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló pọ̀ jù nínú eré àwọn ọ̀gá òṣèré bí Hubert Ògúndé àti Dúró Ládiípọ̀. Ẹ̀rín kàn ń yọjú láàárín eré ni. Ọláìyá ló sọ àwàdà di odindi eré, tí ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ sì ń fi jẹun. Ilé-iṣẹ́ telifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1959, wà lára ohun tí ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Nínú eré, kí Bàbá Sàlá tó la ẹnu ni ẹ̀rín ti ń sọ. Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ ju ara lọ, táì rẹ̀ tóbi ràgàjì, férémù awò ojú rẹ̀ kò ní gíláàsì nínú, aago orí tábìlì ni ó sì fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sára. Aṣọ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín lásán: ìmúra ẹni tí ó fẹ́ kí ayé pe òun ní ọlọ́lá, tí ahun kò sì jẹ́ kí ó náwó, ni. Bàbá arúgbó inú eré yìí láwun, ó lójú kòkòrò, ó sì gbọ́n àgbọ́njù títí tí ọgbọ́n rẹ̀ fi ń yí mọ́ ọn lórí. Fífi ìmúra àti ìwà ẹ̀dá pani lẹ́rìn-ín báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni eégún alárìnjó ti ń sín àjèjì, òyìnbó àti ọ̀mùtí jẹ lójú agbo.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni fíìmù Ọ̀run Móoru ti ọdún 1982, tí Ọlá Balógun darí. Lámídì, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ni ó ṣe níbẹ̀. Oníṣègùn èké kan fi owó òjijì tàn án jẹ, ó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀, ikú náà kò sì gbà á. Ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ẹlòmíràn tí ó lè fi irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ pa èrò lẹ́rìn-ín.

Fíìmù yìí kan náà ló dá a lóró. Láyé ìgbà náà, olówó fíìmù ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, owó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni èrè rẹ̀. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà Ọ̀run Móoru sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Ẹni tí ó ti wò ó nílé kò tún ní sanwó lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Gbèsè wọ ọlọ́jà lọ́rùn, nígbà tí ẹni tí kò kópa nínú eré ń jèrè. Ìwà ìkà gbáà ni.

Síbẹ̀, kò jáwọ́. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní ọdún 1983, lẹ́yìn náà Móṣebọ́látán àti Agba Man. Ní ọjọ́ ogbó, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ọmọ rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀, tí wọ́n ń pè ní Boisala, ń ṣe àwàdà.