Ọ̀pá Inú Ìwúkàrà

Ìtàn ìwúkàrà, èyí tí ń mú ẹmu ho, ni mo mú wá. Bí ó bá ń pín sí méjì, àwọn ọ̀pá oníhò tín-ín-rín tí à ń pè ní máíkírótúbù ni wọ́n ń pín kírómósómù, tí ó ru àbùdá, fún ìyá àti ọmọ. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi jiyàn lórí bí ìpín yìí ṣe ń lọ. Èmi kò dá wọn lẹ́bi: awò onímọ́lẹ̀ kò lè fi ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ hàn kedere. Ní 1966, Robinow àti Marak fi awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rí i pé inú kókó sẹ́ẹ̀lì, tí ògiri rẹ̀ kì í wó, ni ìdì ọ̀pá náà wà.

Kí ni ó ń tò wọ́n? Ohun pẹlẹbẹ kan tí ó há sára ògiri ọ̀hún ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pá ti ń hù. Ní 1975, Byers àti Goetsch ṣàlàyé pé ó ń di méjì ní àkókò tí ọmọ ń rú jáde. Àwọn méjèèjì a sì lọ kọjú síra wọn. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó di kírómósómù kọ̀ọ̀kan mú. Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa, púpọ̀ ni. Bí ẹyọ kan yẹn bá tàsé, ọmọ ìwúkàrà lè lọ láìní ìpín tirẹ̀.