Omi Tí Ń Jò ní Ìkọ̀kọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín pé nínú gbogbo ìtàn ayé, ti táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo gbé wá síwájú yín. Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ nílé wa ní Alákìá.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ìyá mi ju ìfami sínú kànga ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹrẹ̀ ni ó gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni a fi ẹ̀rọ fa omi kún táǹkì orí òpó. Inú bí mi. Mo lọ bá àwọn ayálégbé wa, mo ní àwọn ọmọ wọn ni ó ń fi omi ṣòfò. Ìyá àgbà tí ó wà láàrin wọn kò sọ ju pé, “Ọmọ mi, a kò tíì fọ aṣọ láti ọjọ́ Àìkú.”

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ni ó ní kí n bu aró díẹ̀ sínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fà á. Kò tó ààbọ̀ wákàtí tí omi inú àwo fi di aró. Rọ́bà tí ó dé ihò ìsàlẹ̀ táǹkì ti gbó. Bí omi ti ń yọ́ jáde ni bọ́ọ̀lù ń lọ sílẹ̀, tí omi mìíràn sì ń wọlé, tọ̀sán tòru, láìsí ariwo. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àléébù yìí ti pẹ́. Ní 1596, John Harington, ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, kọ ìwé nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Ní 1775, Alexander Cumming, alágogo kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ fún èyí tí páìpù rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́, tí omi inú rẹ̀ ń dí òórùn. Joseph Bramah tún un ṣe sí i ní 1778. Bí wọ́n ti ń pọ̀ ní ìlú náà ni omi tí ń ti ìdérí wọn ṣòfò ń pọ̀. Ìlànà tí ó tẹ̀lé òfin omi ọdún 1871 sọ pé táǹkì kò gbọdọ̀ tú ju gálọ́ọ̀nù méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ fi omi ṣòfò. Páìpù títẹ̀ tí orí rẹ̀ ga ju omi lọ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi rọ́pò ìdérí: bí a kò bá fà á kí omi gun orí rẹ̀ kọjá, omi kò ní ọ̀nà àbájáde. Bí ó bá bàjẹ́, kò ní ṣan mọ́, onílé yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdérí bàjẹ́ tán, ó ṣì ń ṣan. Ìdí nìyẹn tí kò sí ẹni tí ó fura. Ó di 2001 kí òfin wọn tó tún fàyè gba ìdérí.

Ìdérí onírọ́bà náà ni tiwa. Ìbàdàn ń mu omi Ẹlẹ́yẹlé láti 1942, ti Aṣèjíire lórí odò Ọ̀ṣun sì kún un ní 1972, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìjọba kò dé ojúlé wa. Omi tí ó bá jò nílé wa, ọrùn ọwọ́ ìyá mi ni yóò fà á padà.

Mo ti omi pa, mo nu ẹrẹ̀ etí ihò náà, mo sì mú rọ́bà àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí n má baà ra èyí tí kò bá ihò mu. Mo dẹ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ díẹ̀, nítorí bí ó bá le jù, rọ́bà kò ní jókòó. Mo tún bu aró sí i. Ilẹ̀ mọ́, omi àwo mọ́ gaara.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà náà. Ó gbà, ó sì ní kí n bu ìyókù aró náà fún òun, nítorí táǹkì tiwọn náà ti gbó.