Bí Epo Bẹntiróòlù Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Àwa Ará Òkè Ọya

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kàdúná, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ epo ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ kì í wọ inú rẹ̀.

Èédú ló gbé àwọn bàbá wa dé ibí. Nígbà tó fi di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó dé Kánò, èédú Ẹnúgù ló sì padà wá ń mú un rìn. Àwọn ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin kó aṣọ àti obì wá, ọkọ̀ náà kó ẹ̀pà lọ sí Èkó. Òkìtì àpò ẹ̀pà Kánò ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn àgbà inú wa fojú rí i. Kòkó ni ti Ìwọ̀-Oòrùn, epo pupa ni ti Ìlà-Oòrùn. Ohun tí ìjọba ń ná, ọwọ́ àgbẹ̀ ló ti ń wá.

Shell-BP rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun ní 1958. Ogun àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì ní 1973 ló sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Owó Udoji dé, kálukú ra rédíò àti alùpùpù. Ẹ̀pà ńkọ́? Ọ̀dá àti àrùn kọlù ú láàárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an, kò sì sí ẹni tó kánjú àtigbé e dìde.

Ní 1975 ìjọba fi òfin dá àpò kan sílẹ̀ tí yóò máa san owó gbígbé epo, kí lítà kan lè jẹ́ iye kan náà ní Èkó àti Maiduguri. Ká sòótọ́, òfin yìí ṣe àwa tí a jìnnà sí òkun lóore. Ní 1980 iléeṣẹ́ ìfọpo Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agbára rẹ̀ jẹ́ 110,000 àgbá lójúmọ́, inú ọ̀pá ni rọ̀bì sì ń gbà wá láti apá Wàrí. Ohun tó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu ni pé apá tó ń ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, rọ̀bì òkè òkun, bíi ti Venezuela, ni wọ́n ṣe é fún. Olóko ń ra iṣu lọ́jà!

Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo ìjọba dákẹ́, a di ẹni tó ń ra bẹntiróòlù wọ̀lú, ìjọba ń san owó ìrànwọ́ lé e. Iye kan náà wá di ọ̀rọ̀ inú ìwé. Bí epo bá wọ́n, ọwọ́ àwọn 'yan bunburutu lẹ́bàá títì ni à ń bọ́ sí, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń pè. Ní January 2012 ìjọba gbé lítà láti 65 náírà sí 141. Ìyanṣẹ́lódì sọ ọ́ di 97. Ní May 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ ti tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé epo NNPC ń tà á ní 488 náírà ní Èkó, 557 ní Maiduguri.

Àpò tí ẹgbẹ́ wa fi ń gbé òkú lọ sílé ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Owó tí a fi ń gbé òkú mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò gbé ẹyọ kan dé Ọ̀fà mọ́. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù fi lọ sókè.